Kókó tó ń tàn tí kì í tàn: Èdè-ìperí fún àwòrán kókó inú iṣan ní agbègbè Towé

Àṣamọ̀

Nígbà tí dókítà bá ya àwòrán kókó tó wà nínú iṣan, Faransé ló fi ń kọ àbájáde rẹ̀. Yorùbá ni aláìsàn ará Towé fi ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ mẹ́rin ń rí nínú irú kókó bẹ́ẹ̀. Ó sì fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú àbájáde kò ṣeé gbé wọ inú Yorùbá ní tààrà. Àbá mi ni pé ohun tí kókó jẹ́ ni kí ògbufọ̀ sọ, kì í ṣe bí ó ṣe rí lójú ẹ̀rọ, àti pé kí a máa lo *kókó aláìtànkára* fún ohun tí Faransé ń pè ní *tumeur bénigne*.

Kókó ọ̀rọ̀: èdè-ìperí, ìtumọ̀, pọ́nna, àwòrán inú ara, Towé

1. Ìfáárà

Towé jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement márùn-ún tó wà lábẹ́ Pobè, ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Sakété ló bá Pobè pààlà ní gúúsù, Nàìjíríà ló bá a pààlà ní ìlà-oòrùn. Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń pè ní Nàgó, ni èdè ọjà àti èdè ilé. Faransé ni èdè ìwé ìjọba, òun náà sì ni èdè ìwé ilé ìwòsàn.

Àwọn onímọ̀ èdè wa ti ṣiṣẹ́ gan-an lórí èdè-ìperí. Gbogbo wa la mọ *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1984. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dojú kọ. Yàrá àwòrán ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí kíláàsì. Níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ èdè-ìperí kò wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó wá gbọ́ bóyá òun yóò kú tàbí òun yóò yè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì, èyí tó ń bà á lẹ́rù ni yóò mú lọ sílé.

Mo yan kókó inú iṣan nítorí pé púpọ̀ jù lọ nínú kókó ẹran ara kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn oníṣègùn máa ń ṣírò rẹ̀ pé èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ pọ̀ tó ìlọ́po 100 èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìròyìn tó yẹ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn gbọ́ jẹ́ ìròyìn rere. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́ ló lè sọ ọ́ di ibi.

2. Kókó, eéwo, jẹjẹrẹ

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ohun tó yọ lára. *Eéwo* máa ń gbóná, ó máa ń roni, ó sì máa ń tú. *Wíwú* kò ní ojú kan pàtó; ẹsẹ̀ lè wú, ojú lè wú. *Kókó* ní etí, ó ṣeé fọwọ́ kàn, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìroni. Ọ̀rọ̀ *kókó* kò sọ ohun tó fa yíyọ náà, kò sì sọ ibi tí yóò já sí. Nítorí èyí, òun ló bá Faransé *masse* tàbí *tumeur* mu jù lọ.

*Jẹjẹrẹ* kò rí bẹ́ẹ̀. Etí olùgbọ́ ń gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe *jẹ* nínú rẹ̀: ohun kan ń jẹ ara. Ìdájọ́ ti wà nínú orúkọ náà. Àṣìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni kí ògbufọ̀ fi *jẹjẹrẹ* túmọ̀ *tumeur*. Ní Faransé, *tumeur* lè jẹ́ *bénigne*, ó sì lè jẹ́ *maligne*. Ní Yorùbá, kò sí jẹjẹrẹ tó dára. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé “jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò léwu,” ìdajì kejì gbólóhùn náà kò ní wọ etí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní agbègbè yìí, ìdí mìíràn tún wà tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi *kókó* ṣeré. Pobè ni ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ọgbẹ́ Buruli wà. *Mycobacterium ulcerans* ni kòkòrò tó ń fa àrùn náà, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré tí kì í dunni. Tí wọ́n bá tètè gbé e wá, oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, rifampicin àti clarithromycin, fún ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, awọ ara yóò ya di ọgbẹ́ ńlá. Nítorí náà, “kókó tí kì í dunni” kò túmọ̀ sí “kókó tí kò ṣe nǹkan kan.” Ibi tí ó wà ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Abẹ́ awọ ni ti Buruli ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti inú iṣan wà ní ìsàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ pa ìyàtọ̀ yìí mọ́: *kókó abẹ́ awọ*, *kókó inú iṣan*.

3. Iṣan wo?

Níbí ni ìṣòro kejì ti yọjú. *Iṣan* jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ mẹ́rin. A ń lò ó fún ẹran tó ń fún apá lágbára, fún okùn tó so ẹran mọ́ egungun, fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, àti fún ọ̀nà tí ìmọ̀lára ń gbà dé ọpọlọ. Àyíká ọ̀rọ̀ ló máa ń yanjú pọ́nna yìí nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú àbájáde àwòrán, àyíká ọ̀rọ̀ kì í tó. Ẹni tí a bá sọ fún pé “kókó wà nínú iṣan yín” lè rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ni ohun kan ń dí.

Mo dábàá kí a fi ẹ̀yán kún un ní gbogbo ìgbà, gẹ́gẹ́ bí èdè ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nínú *iṣan ẹ̀jẹ̀*:

(1) a. iṣan ẹran: *muscle*
b. iṣan ẹ̀jẹ̀: *vaisseau*
c. iṣan ìmọ̀lára: *nerf*
d. okùn iṣan: *tendon*

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé lásán. Kókó kan wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló hun ara wọn pọ̀ di òun, tó sì jókòó sínú iṣan ẹran. Láìsí ẹ̀yán, “kókó iṣan nínú iṣan” ni yóò dà, ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an kò sì ní mọ ohun tí òun wí.

4. Ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń rí

Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nídìí àwòrán kókó, ohun tí wọ́n ń wọ̀n kò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni ẹ́síréè, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní *radio*. Röntgen ló ṣàwárí ìtànṣán rẹ̀ ní Jámánì ní 1895. Ohun tó bá dí ìtànṣán náà lọ́nà ni yóò funfun. Egungun funfun, afẹ́fẹ́ dúdú. Ọ̀rá dúdú díẹ̀ ju iṣan ẹran lọ. Omi àti iṣan ẹran jọ ara wọn débi pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkejì ni ékógráfì. Ohùn tí etí kò lè gbọ́ ló ń rán wọ inú ara, tó sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń padà wá. Omi kì í dá ohùn padà, nítorí náà ó máa ń dúdú. Ẹ̀rọ yìí rọrùn láti gbé dé ilé ìwòsàn kékeré. Ó lè sọ bóyá kókó wà lábẹ́ awọ tàbí nínú iṣan ẹran, bóyá omi ló kún inú rẹ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kọjá nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni sìkánà. Hounsfield ló ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ya àwòrán orí aláìsàn ní 1971. Ìtànṣán ẹ́síréè náà ló ń lò, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń ṣírò iye fún ibi kọ̀ọ̀kan: omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ −1000, ọ̀rá nǹkan bíi −100, iṣan ẹran nǹkan bíi +50.

Ẹ̀kẹrin ni IRM, tí wọ́n ń pè ní MRI ní Nàìjíríà. Òun ló ń fi ẹran ara hàn jù. Lauterbur àti Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2003. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló ń lò láti gbọ́ ìró tí háídrójìn inú omi àti inú ọ̀rá ń dá padà. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lè yí ìlànà rẹ̀ padà. Lórí ìlànà T1, ọ̀rá máa ń mọ́lẹ̀, omi máa ń ṣókùnkùn. Lórí T2, omi máa ń mọ́lẹ̀. Ìlànà kan tún wà tó ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀rá nìkan. Bí ohun kan bá mọ́lẹ̀ lórí T1, tó sì kú fin-ín lórí ìlànà ìpa-ọ̀rá, ọ̀rá ni.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọ̀:

(2) a. ọ̀rá: dúdú díẹ̀ lórí ẹ́síréè àti sìkánà, mọ́lẹ̀ lórí T1, ṣókùnkùn lórí ìlànà ìpa-ọ̀rá
b. omi: dúdú lórí ékógráfì, ṣókùnkùn lórí T1, mọ́lẹ̀ lórí T2

Ohun kan náà ni, nínú ara ènìyàn kan náà, lọ́jọ́ kan náà. *Funfun* àti *dúdú* kì í ṣe àbùdá kókó. Ìbáṣepọ̀ kókó pẹ̀lú ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ. Faransé fi èyí hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: *hypodense* fún sìkánà, *hyperéchogène* fún ékógráfì, *hypersignal* fún IRM. Orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi *funfun* túmọ̀ méjì tó kẹ́yìn, tí a sì fi *dúdú* túmọ̀ àkọ́kọ́, a ti sọ ìmọ̀ mẹ́ta di àwọ̀ méjì. Àwọ̀ sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́kàn wa. Ta ni yóò gbọ́ pé kókó òun dúdú tí àyà rẹ̀ kò ní já?

5. Ohun márùn-ún tí àwòrán lè bá nínú iṣan ẹran

*Lipoma inú iṣan ẹran.* Mo pè é ní *kókó ọ̀rá*. Ó ń ṣe bí ọ̀rá abẹ́ awọ lórí gbogbo ẹ̀rọ, fọ́nrán iṣan sì lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun ni ọ̀kan nínú ìwọ̀nba kókó tí àwòrán nìkan lè dá mọ̀. Bí ògiri inú rẹ̀ bá nípọn ju 2 mm lọ, tàbí tí ohun tí kì í ṣe ọ̀rá bá ṣù sínú rẹ̀, dókítà yóò fura sí jẹjẹrẹ ọ̀rá.

*Myxoma inú iṣan ẹran.* Ohun inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Mo dábàá *kókó olómi-yíyọ̀*. Itan ló sábà máa ń wà, lára obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún. Ó mọ́lẹ̀ gan-an lórí T2, ọ̀rá tín-ín-rín a sì máa yí i ká. Nítorí pé àwọn jẹjẹrẹ kan jọ ọ́, wọ́n sábà máa ń mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

*Angioma inú iṣan ẹran.* Èyí ni *kókó iṣan ẹ̀jẹ̀* tí mo tọ́ka sí ní ìpín 3. Ó lè máa dunni lẹ́yìn iṣẹ́ agbára. Òkúta róbótó wẹ́wẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ dídì sọ di líle lè hàn nínú rẹ̀ lórí ẹ́síréè lásán. Bí wọ́n bá hàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ kókó náà tán.

*Desmoid.* Ìpínsísọ̀rí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2020 kò kà á mọ́ èyí tí kò léwu, kò sì kà á mọ́ jẹjẹrẹ. Ààrin ló fi í sí: kì í ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ ẹran ìtòsí rẹ̀.

*Myositis ossificans.* Ìpalára ló sábà máa ń fà á. Iṣan ẹran tó fara gbá bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun, láti etí lọ sí inú. Ẹ́síréè lè má rí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni òrùka funfun máa ń hàn. Bí wọ́n bá yára gé e fún àyẹ̀wò, ó lè jọ jẹjẹrẹ egungun. Nítorí náà, ìbéèrè ògbufọ̀, “Ṣé nǹkan kan ti lù yín níbẹ̀, àbí ẹ ṣubú?” wà lára àyẹ̀wò gan-an.

6. *Tàn* àti *ràn*

Mo dé ibi tó mú mi kọ iṣẹ́ yìí. Mo bá ìyá àgbà kan láti Towé lọ gba àbájáde IRM itan rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá. Ọ̀rọ̀ *hypersignal T1* wà nínú ìwé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ báyìí: “Ìyá, wọ́n ní ó ń tàn.” Ìyá dáhùn: “Ọmọ mi, ó ti tàn dé ibo?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́. Ìràwọ̀ ń tàn, iná ń tàn. Kókó náà ń tàn lórí T1. Ṣùgbọ́n àrùn náà ń tàn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni méjèèjì ní, kò sí àmì ohùn tó lè yà wọ́n. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé ọ̀rá ni kókó náà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìròyìn tó dára jù tí èèyàn lè gbọ́ ní yàrá náà. Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé àrùn ti gba ara òun kan. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó jẹun dáadáa, lẹ́yìn tí dókítà ti fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

*Tàn* kò dá wà. Oòrùn ń ràn, àrùn náà ń ràn. Nínú Yorùbá, ìmọ́lẹ̀ àti àìsàn jọ ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà nígbà méjì, nítorí pé àwọn méjèèjì ń kúrò níbì kan dé ibòmíràn láìsí ẹsẹ̀. Ìṣòro yìí kò lè tán bí a bá kàn fi *ràn* rọ́pò *tàn*. Mo dábàá *mọ́lẹ̀* àti *ṣókùnkùn* fún ohun tí IRM rí, àti pé inú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n ti máa lò wọ́n.

Báwo ni a ó ṣe wá pe *bénin*? Ní Faransé, ìró kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí àti orúkọ tí orílẹ̀-èdè náà gbà ní 1975, nítorí náà yíyá a lò kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹ̀ wò. *Aláìléwu* ṣèlérí jù: kókó ọ̀rá lè padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ lè dunni. *Tí kì í tàn kálẹ̀* ń mú àjàkálẹ̀ àrùn wá sí ọkàn, bí ẹni pé a ń sọ fún aládùúgbò pé kó má sá. *Ajókòósójúkan* lòdì sí ohun tí ọwọ́ dókítà ń wá, nítorí pé kókó tó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka ló sábà máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ló ń mú un fura. *Tí kì í bímọ* ṣe kedere, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ níwájú obìnrin tó ń wá ọmọ. Èyí tó kù ni *aláìtànkára*: *aláì-* + *tàn* + *ká* + *ara*. Ọ̀rọ̀-orúkọ *ara* tó wà ní ìparí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtumọ̀ àjàkálẹ̀ àti ti ìmọ́lẹ̀.

Ó tún ní àǹfààní kan tí mo rí lẹ́yìn náà. Àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ ń lo *ɛ*, *ɔ* àti *sh* níbi tí ti Nàìjíríà ń lo *ẹ*, *ọ* àti *ṣ*. *Jẹjẹrẹ* di *jɛjɛrɛ*, *iṣan* di *ishan*. *Kókó aláìtànkára* kò yí padà ní ìhà méjèèjì. Ìwé kan lè ṣiṣẹ́ ní Pobè àti ní òdìkejì ààlà.

Fún desmoid, mo kọ́kọ́ ronú kan *ajẹ̀bá*, ohun tó ń jẹ ẹ̀bá ara rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà. Mo fi í sílẹ̀, mo sì gba àpólà gígùn: *kókó tí ń wọ ẹran ìtòsí*. Kì í ṣe dandan kí gbogbo èdè-ìperí jẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

7. Bí gbólóhùn ṣe lè lọ

Ìlànà tí mo tẹ̀lé rọrùn: kí ògbufọ̀ sọ ohun tó jẹ́, ibi tó wà, bóyá ó ń tàn ká ara, àti ohun tó kù láti ṣe. Àwọ̀ kò sí níbẹ̀.

(3) a. Ìyá, ọ̀rá ló ṣù jọ sínú iṣan ẹran itan yín.
b. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í tàn ká ara.
c. Bí ó bá ń tóbi sí i, tàbí tó bá ń dùn yín, kí ẹ padà wá.

(4) a. Bàbá, kókó yìí wà nísàlẹ̀, ó sì tóbi ju 5 cm lọ.
b. Àwòrán nìkan kò tó láti dá a mọ̀.
c. Wọ́n fẹ́ mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó sọ orúkọ rẹ̀.

Gbólóhùn (4) ṣe pàtàkì tó (3). Kókó tó jìn, tó ju 5 cm lọ, tó sì ń dàgbà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi *aláìtànkára* bò ó mọ́lẹ̀ kí àyẹ̀wò tó parí. Ọ̀rọ̀ tó ń fini lọ́kàn balẹ̀ ṣáájú àkókò léwu bí èyí tó ń dẹ́rù bani.

8. Ìgúnlẹ̀

Ìṣòro tí mo ṣàlàyé kì í ṣe àìtó ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá. Ọ̀rọ̀ wà, wọ́n ti ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. *Iṣan* ní iṣẹ́ mẹ́rin, *tàn* ní méjì, *jẹjẹrẹ* sì gbé ìdájọ́ dání. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti ń ṣe kí ó tó gbé òmíràn lé e lórí.

Sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, ẹ má béèrè lọ́wọ́ olùgbọ́ bóyá ó yé e. Gbogbo èèyàn ni yóò ní ó yé òun, nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ ní kí ó sọ ọ́ padà fún yín bí yóò ṣe sọ ọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tó bá sọ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín.